Orin Ẹ̀bẹ̀ Lábẹ́ Fèrèsé Obdulia

"Ẹ jẹ́ ká tún orin yìí kọ!" ni akọrin kan pariwo, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi àwo fífọ̀ lé e lórí láti òkè ni.

Ọ̀sán gangan ni, ní ìlú Cocula. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin àdúgbò ló kó gìtá, fayolíìnì àti kàkàkí wá bá a bẹ Obdulia, ìyàwó rẹ̀ tó bínú kó lọ sílé ìyá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ohùn yín ti há," ni Eulogio tó ń fun kàkàkí wí.

"Fun tìẹ, jàre! Ìfẹ́ ni mo fi ń kọ ọ́."

"Ìfẹ́ ọ̀hún ń dun etí, ọ̀gá."

Akọrin tún ki orin mọ́lẹ̀. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ìyá ìyàwó yọ orí lójú fèrèsé: "Ẹni tí ẹ ń pa níbẹ̀ yẹn, ẹ tètè pa á tán!"

Ni Obdulia bá jáde, ó gbé àpò ẹrù rẹ̀ dání. Akọrin na apá méjèèjì. "Ìyàwó mi! O ti dárí jì mí?"

"Rárá o. Ṣebí torí o ní obìnrin ò lè kọ irú orin yìí ni mo ṣe kó jáde? Sún sẹ́yìn."

Ó gbé àpò lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ajá dákẹ́. Eulogio gbàgbé láti fun kàkàkí.

"Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ yín máa ń pàdé láti kọrin?" ni Obdulia béèrè nígbà tó kọrin tán.

"Nísinsìnyí ni o, ọ̀gá," ni Eulogio dáhùn kíá.

Wọ́n bá gba ọ̀nà gbàgede ìlú lọ, Obdulia níwájú. Akọrin gbé àpò lé èjìká, ó tò sẹ́yìn.