Déolú Gbẹ̀san Ìyá Àgbà Lára Ọmọ Rẹ̀

Àlébù tó pa Déolú ò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kì í sì í dárí ji ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún un. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀, ẹ yáa jìnnà sí i.

Glenn Dale, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, ló ń gbé pẹ̀lú Wùnmí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Yétúndé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Bó bá wọ súùtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. N'Ìbàdàn, ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, obìnrin náà sì le bí ojú ẹja. Bí Déolú bá mú ẹran nínú ọbẹ̀, ata ni yóò fi sí i lójú, á sì tì í mọ́nú èéfín ata. Inú oyún ni Yétúndé wà nígbà tí ìyá àgbà kú. Bí Wùnmí ṣe bímọ, tó jẹ́ obìnrin, làwọn ẹbí pariwo lórí fóònù láti Ìbàdàn pé, "Ìyá ti padà wá o! Yétúndé ni kí ẹ sọ ọ́!" Orúkọ ìtùnú ni, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọmọ. Ta ló mọ̀ pé orúkọ yẹn ni yóò kó bá ọmọ ọlọ́mọ?

Yétúndé ti wọ ilé-ìwé girama nígbà tí Déolú gbọ́ pé ará Índíà kan, Ọ̀gbẹ́ni Raghavan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́ni ní ìtàn Índíà àtijọ́ ní Beltsville, nítòsí ilé wọn. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ náà, bàbá yìí ṣàlàyé pé àwọn ọlọ́gbọ́n tó gbé létí odò Gáńjì láyé àtijọ́ gbà pé èèyàn ń kú, ó sì ń tún ayé wá, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e wá. Wọ́n ń pè é ní kámà. Déolú bá dìde.

"Ọ̀rọ̀ ò tíì parí o," ni bàbá náà wí.

"Ó ti yé mi, sà," ni Déolú dáhùn, ló bá bọ́ síta.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Èyí tó dénú Déolú, kùmọ̀ ló dà.

Láti ọjọ́ náà, bó bá wo ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà ló ń rí. Bí Wùnmí bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù, á ní kí ọmọ kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè. Èyí tó burú jù ni pé ó wá ń fi ẹ̀yin pe ọmọ tó bí.

"Dádì, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ bi ara yín. Ẹ ò rántí ata?"

Ata wo? Ọmọ tí wọ́n bí sí Maryland, kí ló mọ̀ nípa ata Ìbàdàn! Ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè sọ fún ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Déolú lọ ra ata gbígbẹ ní Langley Park, ló bá pàdé Ọ̀gbẹ́ni Raghavan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ìyá àgbà òun ti padà wá di ọmọ òun, ó sì ti ń jẹ iyán rẹ̀ níṣu lọ́wọ́ òun. Ojú bàbá yìí yí padà.

"O sá kí n tó parí! Ẹni tí ọmọ yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Ohun tí o bá ṣe fún un lónìí, kámà tìrẹ nìyẹn. Àwọn àgbà wa ní kéèyàn má pa ohun ẹlẹ́mìí lára. Ọba wa kan láyé àtijọ́ pa èèyàn rẹpẹtẹ lójú ogun, ó kábàámọ̀ títí tó fi gbẹ́ ẹ sára òkúta pé kí aráyé ṣàánú ara wọn."

Déolú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin gan-an ò gba ẹ̀kọ́ yín gbọ́." Ó gbé ata rẹ̀, ó lọ.

Ikọ́ fée ń ṣe Yétúndé. Déolú mọ̀. Ó da ata náà sínú páànù gbígbóná, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ, ó sì mú ínhélà tí ọmọ náà máa ń fà sẹ́nu dání. Èéfín gba ibẹ̀ kan. Ọmọ ń ja fún èémí, ó ń nawọ́ sí ínhélà.

"Ẹ mí," ni Déolú ń wí, omi ń bọ́ lójú òun náà. "Bí èmi náà ṣe mí nìyẹn."

Ọpẹ́lọpẹ́ Wùnmí tó tètè ti ibi iṣẹ́ dé, tó sì fipá ṣí ilẹ̀kùn. Ó já ínhélà gbà, ó fi sọ́mọ lẹ́nu, ó gbé e jáde. Yétúndé ò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́sibítù, ohùn rẹ̀ ò sì padà dán mọ́.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Adájọ́ rán Déolú lẹ́wọ̀n, iṣẹ́ lọ, Wùnmí kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan ló wà títí Yétúndé fi di nọ́ọ̀sì bíi ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà wá wò ó. Inú Déolú dùn débi pé ó sunkún. Ife omi wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

"Ọmọ mi, omi."

Yétúndé wo ife náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Yétúndé, jọ̀ọ́! Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ bi ara yín, sà," ni ọmọ náà wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. "Ẹ ò rántí ata?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò tún padà wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi ìyà tí òkú fi jẹ yín jẹ alààyè. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ò bá gbọ́ tán, ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ì báà jẹ́ ti Índíà, ì báà jẹ́ ti ilé wa. Àwọn kan ní ó yẹ kí Yétúndé fún bàbá rẹ̀ lómi. Èmi náà ìbá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìkà kọ́ ọmọ, kó má retí pé àánú lọmọ máa mọ̀.