Èdìdì Ilé Kurosu

Kí Hirose Jinnai tó wọ ilé Kurosu, iyọ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Ibi ìsìnkú àbúrò bàbá rẹ̀ ló ti ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀ kì í wọlé onílé láìfi iyọ̀ wọ́n ara. Ìránṣẹ́bìnrin bu iyọ̀ wá sí ẹnubodè. Jinnai wọ́n ọn sí èjìká, ó gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, ó wọlé.

Oriku, ìyàwó ilé, kúnlẹ̀, ó forí kan ẹní. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ kú òtútù."

"Kansuke dà, bàbá ọlọ́gbà yín? Òun ló máa ń sọ pé ikùn mi ló ń ṣáájú mi wọlé."

"Ó lọ ra oògùn, ọ̀gá."

Oriku kò gbójú sókè. Ojú ń tì í. Ìran mọ́kànlá ni Kurosu ti fi idà sin olúwa tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn, òun ni kò bí ọmọ tí yóò gba idà ọ̀hún. Bí Tadamichi, ọkọ rẹ̀, bá kú láìní àrólé, wọn yóò gba ilẹ̀, wọn yóò pa orúkọ ilé rẹ́, ogójì ènìyàn yóò sì bọ́ sí ìta. Òfin gbà kí aláìsàn fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èdìdì lójú aṣojú olúwa. Jinnai ni aṣojú náà. Ọ̀rẹ́ Tadamichi láti kékeré sì ni.

Yàrá aláìsàn tutù bí ìta. Kò sí ẹyín iná níbẹ̀, òórùn tùràrí ló gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ìkélé oníbébà ká ẹni tó dùbúlẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú," Oriku ní. "Ó ti rù gan-an. Kò fẹ́ kí ẹ rí òun bẹ́ẹ̀."

"Háà, Tadamichi! Èmi lojú mi wá ń tì ọ́? Ìwọ tó o sáré láti odò Nabeta délé ní ìhòòhò, tí gbogbo abúlé ń wò ọ́! Ta ló kó aṣọ rẹ sá lọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ikọ́ dún lẹ́yìn ìkélé. "Ó ti pẹ́, ọ̀gá. Mi ò rántí mọ́."

Jinnai ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ìwé sábẹ́ ìkélé náà. Ọwọ́ líle kan nà jáde, erùpẹ̀ ọgbà wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó tẹ èdìdì pupa sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Seinosuke, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tadamichi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àrólé.

"Kurosu Tadamichi tẹ èdìdì lójú mi," Jinnai ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó forí kan ẹní. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

"Sùn re, Tadamichi."

Oriku sìn ín dé ẹnubodè. Ilé ti dúró, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kó lè wo ojú àlejò rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló ń sọ ṣáá. "Ẹ ṣeun, a ò ní gbàgbé."

Jinnai ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó yíjú sí ìránṣẹ́bìnrin, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Tún bu iyọ̀ fún mi, òkú méjì ni mo kí lónìí."