Mu Epo Rẹ Ná

Ìyá Gbádébọ̀ ti ki rọ́bà epo bọ apá Àwòdì, bàálù èrò tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, kó tó rántí kí i. Bàálù akẹ́rù tó ń jẹ́ Lékèélékèé já sínú òkun láàárọ̀ yẹn, òfin ò sì gbà kí Àwòdì gbé èrò kan láìjẹ́ pé èèyàn fẹnu ara rẹ̀ túfọ̀ fún un. Iṣẹ́ obìnrin náà nìyẹn ní pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ túfọ̀ fún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Àwòdì wí. "Epo tètè dé lónìí. Ṣé kò sí?"

"Mu epo rẹ ná, ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tí Ẹyẹlé já. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà ti Òkín."

Ìyá Gbádébọ̀ di rọ́bà náà mú. Bàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ ṣe lọ́dún kan náà, wọ́n sì jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Títí di àná, àwọn méjì ló kù.

Àwòdì rọra mu epo náà títí ó fi kún.

"Mo ti yó, mà. Ẹ máa sọ ọ́."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé irin tútù ara Àwòdì, ó sì sọ ọ́. Àwọn èrò ti tò sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo aago.

"Mà," ni Àwòdì wí nígbà tó yá, "tó bá wá kan èmi, ta lẹ máa sọ fún pé kó mu epo rẹ̀ ná?"

Ìyá Gbádébọ̀ fa rọ́bà náà yọ, ó fi apá aṣọ nu ojú, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn èrò.