Ìdánwò Ẹlẹ́ẹ̀kẹta Dókítà Moṣọpẹ́

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Dókítà Moṣọpẹ́ máa jókòó fún ìdánwò àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á ní kó padà lọ máa tọ́jú ibà. Ó mọ̀wé. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kàn án ni pé kì í tẹ́tí sí aláìsàn. Nítorí náà, ó ti há títẹ́tísílẹ̀ sórí láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹtàdínlógún.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n yá kò jìnnà sí Iyana-Iba. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní aláìsàn kan, olùdánwò kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Eléré ni àwọn aláìsàn náà. Wọ́n máa ń ya wèrè dé ìwọ̀n tí ìwé bá fọwọ́ sí.

Nínú yàrá kìíní, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlágbadé jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fi ìwé máàkì fẹ́ ara rẹ̀. Òfin ni pé olùdánwò kò gbọdọ̀ lanu, òfin yìí sì bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lára mu púpọ̀. Ọkùnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún jókòó sórí àga aláìsàn, ó gbé àpò lé itan, ó ń wo òkè ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Dókítà Moṣọpẹ́ ni mí. Kí ló gbé yín wá?"

"Ariwo ni."

Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Moṣọpẹ́ fa àga sún mọ́ ọn, bí ojú ìwé kẹrin ṣe wí.

"Ẹ ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?"

Ìwé ní kí dókítà má bá aláìsàn jiyàn. "Èmi ò gbọ́ o, sà, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹ̀yin ń gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó ń káàánú rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wá?" Moṣọpẹ́ béèrè.

"Àwọn ọ̀gá. Ohùn wọn nìkan ni mo gbọ́ lánàá, n ò tíì rí wọn sójú. Wọ́n ní ó ti ń yọ àwọn lẹ́nu jù, kí n wá pa á lẹ́nu mọ́."

Bíírò Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ìwé.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́?"

"Màá tú inú ẹ̀ síta. Ìdọ̀tí ló kún ibẹ̀."

"Ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Ha! Nínú bárékè Ọ̀jọ́ nìkan, mẹ́tàlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn sójà dúró, wọ́n ń wò mí. Ní Navy Town, ìyàwó ọ̀gá kan tiẹ̀ fún mi ní mínírà."

Moṣọpẹ́ wo àpò náà. "Kí ló wà níbẹ̀, sà?"

"Irin iṣẹ́ mi."

Moṣọpẹ́ rọra sún àga rẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ojú ìwé kọkànlá nìyẹn.

"Ṣé ẹ rò pé ara yín yá?"

"Ara tèmi le koko. Òun ni ara ẹ̀ ò yá."

"Sà, a máa fẹ́ kí ẹ dúró sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ọ̀sẹ̀ kẹ̀? Ohun tí kò ní gbà mí ju wákàtí kan lọ!"

Aago dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ rú òfin.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe ìdánwò yìí," ó ní, "n ò rí dókítà tó tẹ́tí sí aláìsàn báyìí rí."

Ó kọ ogún nínú ogún. Omi bọ́ lójú Moṣọpẹ́. Ó yíjú sí ọkùnrin orí àga.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ mọ iṣẹ́ yín gan-an."

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ọkùnrin náà dáhùn.

Ó dìde, ó gbé àga sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lókè ògiri, ó yọ sukudíráfà, ó sì bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n sún díẹ̀, kí wọ́n sì bá òun ṣílẹ̀kùn fún bọ̀dá kan tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti àárọ̀ pé òun gan-an ni wèrè ìdánwò.