Ohùn Ọ̀pọ̀lọ́ nínú Ẹgbẹ́ Olórin-Irin

Àlọ́ mi ró gbàgà, ó bà lé Àkókó, alágbẹ̀dẹ àti olórí ẹgbẹ́ olórin-irin inú igbó. Àwòdì, olóhùn-iwájú wọn, fò lọ, wọ́n sì fi Ọ̀pọ̀lọ́ rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ agogo tín-ín-rín tí Àkókó rọ fún ohùn òkè Àwòdì náà ni ó ṣì ń lù, nítorí ó fẹ́ràn àwọn agogo náà púpọ̀.

Òfin igbó ni pé ẹgbẹ́ tí àwọn olùgbọ́ bá dìde fi sílẹ̀ yóò tú ká. Lọ́jọ́ eré níwájú àgbẹ̀dẹ Àkókó, Ọ̀pọ̀lọ́ na ọrùn títí kí ohùn rẹ̀ lè ga tó agogo náà, ohùn rẹ̀ há.

Ọ̀bọ kígbe pé, “Ọ̀rẹ́, ṣé eegun ló há ọ lọ́fun ni?” Àwùjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń dìde.

Ọ̀pọ̀lọ́ yíjú sí Àkókó. “Ọ̀gá mi, ọ̀fun Àwòdì lẹ rọ agogo wọ̀nyí fún. Tèmi ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Àkókó lọ́kàn. Ó ju agogo sílẹ̀, ó gbá irin ńlá tí ó ń rọ nǹkan lé lórí mú, ó fi òòlù lù ú. Ilẹ̀ mì. Ọ̀pọ̀lọ́ wú àyà:

“Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń kọrin,
Gbìrìgìdì!
Irin ńlá ló ń gbè mí,
Gbìrìgìdì!
Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi,
Gbìrìgìdì!”

Àwùjọ padà jókòó, wọ́n ń gbè é. Ẹfọ̀n béèrè pé, “Ẹgbẹ́ wo nìyí?”

Àkókó gbé orí sókè. “Àwa náà ni. Ọ̀fun tuntun ló bí irin tuntun.”

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí.