Nọ́ńbà Tí Mutallib Gbàgbé Sínú Kóòdù

Ìwàǹwára ló ba ti Mutallib jẹ́. Ọlọ́pọlọ pípé ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì, níbi tó ti ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn, kò ní padà yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá wá dé tó ń bá wọn kọ kóòdù, apá ẹnikẹ́ni kò ká a mọ́.

Saadat ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ ní Ìyìn-Èkìtì, ló sọ ọ́ di èèyàn. Maṣíìnì tó fẹ́ràn jù ló tà kó lè ra kọ̀ǹpútà fún un, òun fúnra rẹ̀ wá padà sí aláfọwọ́yí.

Ilé ìwòsàn kan ní kí Mutallib ṣe ètò kan fáwọn: bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, dókítà yóò tẹ bọ́tìnnì, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò sì lọ bá gbogbo ẹni tó ti ṣèlérí láti fún ni lẹ́jẹ̀. Nígbà tó ń dán an wò, kó má baà já àwọn èèyàn láyà, nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi rọ́pò ti gbogbo wọn. Bí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ wọ́n máa ń yọ ọ́ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ariwo àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún sú Mutallib, ó pa á lẹ́nu mọ́ lórí fóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá Mutallib," ni Kíkẹ́lọmọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí, "ẹ jẹ́ n bá yín ka kóòdù yìí kí ẹ tó gbé e lọ."

"Kí lo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣé kò ṣiṣẹ́ lójú rẹ ni?"

"Ó ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí ẹ fún mi."

Mutallib fi í rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e fún ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì ló máa ń pe àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan látinú ìwé. Wọ́n ti ìwé yẹn sínú àpótí.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Saadat bímọ sí ilé ìwòsàn yẹn. Obìnrin ni ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá, ti Mutallib kò sì bá tirẹ̀ mu. Dókítà tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dáhùn pé òun ti ránṣẹ́.

"Ṣé uṣẹ́ ọwọ́ rẹ yìí á pè wọ́n dé?" ni ìyá wọn béèrè.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀."

Saadat náà ṣíjú wò ó. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mutallib, ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀, Àǹtí mi."

Gbogbo wọn ń wo géètì. Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa wá ìwé àtijọ́ yẹn jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọn ò tíì pe ìrun Alaasari tí Saadat fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tísà Ọlátúbọ̀sún, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé ìwòsàn náà, wá kí wọn. Ó ti forúkọ sílẹ̀ láti fún ni lẹ́jẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ mi bá ti gbogbo èèyàn mu," ó ń sunkún. "Ilé ni mo wà látàárọ̀. Kí ló dé tí wọn ò pè mí?"

Mutallib yọ fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ tó gbàgbé láti yọ kúrò ni gbogbo ìpè ọjọ́ náà wá bá. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ló bá níbẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Aláìsàn nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Kò lè ṣí kọ̀ǹpútà tí Saadat rà fún un mọ́. Ìyá wọn ló ń tọ́ ọmọ náà, Ràṣídátù. Bó bá ti pọ̀n ọ́n tán, a máa béèrè pé, "Mutallib, kí ló ṣe àwọn èèyàn yẹn tí wọn ò fi wá?" Títí di òní, bó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, Mutallib a dìde, a bọ́ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe kánjú gbé iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, àgàgà iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Kíkẹ́lọmọ bẹ̀bẹ̀ fún ì bá ti tó. Ẹni tí ìwàǹwára wa yóò kọ́kọ́ ṣe ní jàǹbá lè jẹ́ ẹni tó ta ohun ìní rẹ̀ kí a lè rí iṣẹ́ kọ́.