Àbẹ́là Ọjọ́ Àwọn Òkú

"Bàbá, òun rèé!" Obìnrin tó ti Filadẹ́fíà wá náà fò sókè nínú ọ́fíìsì ìjọba abúlé kan ní Ítálì. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá bàbá ńlá mi! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, wọ́n sọ Iacovelli di Jackwell."

Akọ̀wé arúgbó náà na ìka sí etí ìwé ìbí ọkùnrin náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ ìgbéyàwó ẹni sí. "Filomena ló fẹ́, kó tó wọkọ̀ ojú omi."

"Rárá o. Rose ló fẹ́, ní Amẹ́ríkà. Ó bímọ mẹ́fà fún un."

Akọ̀wé pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ogójì ọdún ni Filomena, ìyá ìyá mi, fi wọ dúdú. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ bómi lọ. Òní lọjọ́ àwọn òkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan àbẹ́là sórí sàréè òfìfo tá a kọ́ fún un ni." Ó ju kọ́kọ́rọ́ itẹ́ òkú sí i. "Lọ bá mi fẹ́ ẹ pa."